Espresso nílé: Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó máa lọ kọfí yín

Bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: olólùfẹ́ kọfí kan á mu espresso ní káfẹ́, á dùn mọ́ ọn lẹ́nu, á ṣírò iye tó ń ná síbẹ̀ lóṣooṣù, á wá pinnu pé òun á kúkú ra ẹ̀rọ tòun sílé. Ó tu owó jọ. Ó ra ẹ̀rọ tó ń dán gbinrin. Ó yà sí súpámákẹ́ẹ̀tì, ó ra kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tó délé, ó tẹ bọ́tìnnì, omi dúdú kan tú jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré. Kò ní ìfófó lórí, ó sì kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó tún un ṣe, bákan náà ló rí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ náà ti di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ìnuwọ́ sí nínú kíṣìnnì.

Ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó kọ́kọ́ lọ síbi tí kò yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kọfí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ohun tó ń lọ kọfí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó ń ṣe é lọ. Ó lè dà bí àsọdùn létí ẹni tí kò tíì gbìyànjú ẹ̀ rí, àmọ́ ìdí wà níbẹ̀.

Kí ni espresso gan-an?

Espresso kì í ṣe irú hóró kọfí kan, kì í sì í ṣe kọfí tí wọ́n yan títí tó fi dúdú kirikiri. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọfí inú agolo tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pò mọ́ omi gbígbóná láàárọ̀, iléeṣẹ́ ti sè é, wọ́n sì ti gbẹ omi ara rẹ̀ kó tó dé ọjà. Kó yòrò ló kù. Ti espresso yàtọ̀. Hóró kọfí yíyan ni wọ́n á lọ̀ títí tó fi kúnná, wọ́n á rọ ọ́ sínú abọ́ irin kékeré tó ní ihò wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á fi tipátipá ti omi gbígbóná gba àárín rẹ̀ kọjá.

Agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti omi yẹn kì í ṣe kékeré. Bar ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mẹ́sàn-án ni espresso sì nílò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó, kó rántí géèjì àwọn fọkanáísà. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré sábà máa ń gba nǹkan bíi 30 sí 35 lórí géèjì yẹn. Bar mẹ́sàn-án á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130. Omi náà kì í sì í hó kùtùkùtù. Ìgbóná rẹ̀ máa ń wà láàárín 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ilẹ̀ Ítálì ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1884, Angelo Moriondo, ará ìlú Turin, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń fi ooru omi ṣe kọfí. Ní 1901, Luigi Bezzera ní Milan gba ìwé àṣẹ lórí èyí tó lè ṣe é fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ife tiẹ̀, Desiderio Pavoni sì gbé e dé ọjà. Àmọ́ ooru omi nìkan ò lágbára tó. Achille Gaggia ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ṣáájú ogun àgbáyé kejì, nígbà tó sì fi máa di ìparí àwọn ọdún 1940, ẹ̀rọ rẹ̀ tó ní ọ̀pá tí wọ́n ń fà wálẹ̀ ti wà lọ́jà. Àtìgbà yẹn ni ìfófó aláwọ̀ oyin tó máa ń wà lórí espresso ti dé. Ní 1961, iléeṣẹ́ Faema gbé E61 jáde, pọ́ǹpù tó ń lo iná sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ apá èèyàn. Pọ́ǹpù náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún lílò nílé lónìí ń lò.

Ẹni tó bá rí i pé wọ́n kọ 15 bar tàbí 20 bar sára páálí ẹ̀rọ, kó má torí ìyẹn san owó lé owó. Ibi tí agbára pọ́ǹpù lè dé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kọfí ò nílò ju mẹ́sàn-án yẹn lọ.

Bílẹ́ńdà ò lè ṣe é

Ìdajì ìṣẹ́jú péré ni omi máa ń lò pẹ̀lú kọfí nínú espresso. Láàárín àkókò kékeré yẹn, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú kọfí ló ń bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde, adùn á tẹ̀ lé e, ìkorò ló máa ń gbẹ̀yìn. Bí kọfí ò bá kúnná, omi á sáré gba àárín rẹ̀ kọjá, kò ní dúró mú adùn, ife á sì kan. Bó bá kúnná jù, omi ò ní rí ọ̀nà kọjá, á máa kán tó-tó-tó, á sì kó ìkorò wá, èyí tó máa korò bíi jogbo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kéré débi pé ojú lásán lè má rí i.

Ìdí nìyí tí ohun tó ń lọ kọfí fi ṣe pàtàkì. Ẹ wo ẹ̀rọ ata ọjà. Irin eléyín méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ata sì ń gba àárín wọn kọjá. Bí oníbàárà bá ní ata òun ò kúnná, ẹni tó ń lọ̀ ọ́ á yí ọwọ́ ẹ̀rọ, irin méjèèjì á túbọ̀ sún mọ́ra, ata á sì kúnná. Bí ẹ̀rọ ìlọ̀ kọfí tó dáa ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, àfi pé ó kéré, ìyípadà rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bílẹ́ńdà ní tiẹ̀, abẹ tó ń yí ló ní. Kò lọ nǹkan kan, ńṣe ló ń gé e. Apá kan kọfí á di lẹ́búlẹ́bú bí ẹ̀lùbọ́, apá kan á rí bíi gàrí. Omi á sì ṣe bí àgbàrá òjò ṣe máa ń ṣe: ibi tó bá rọ̀ ló máa gbà. Á ya ojú ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ibi tó le sílẹ̀, ife kan ṣoṣo á sì kan, á tún korò.

Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá ńkọ́? Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹni tó lọ̀ ọ́ ò mọ ẹ̀rọ tó wà nílé ẹni tó máa rà á. Bó bá kúnná jù tàbí tí kò kúnná tó, kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i mọ́. Àti pé kété tí wọ́n bá ti lọ kọfí, òórùn dídùn inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ohun tí wọ́n máa fi lọ kọfí, wọ́n wá dọ́gbọ́n sí i. Nínú páálí, ẹ óò rí abọ́ irin kan tó jẹ́ onípele méjì, tó jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ihò yẹn ló ń há omi mọ́, kódà bí kọfí ò bá kúnná tó. Ó máa ń yọ ìfófó dáadáa, tó jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó á rò pé espresso gidi ló wà níwájú òun. Ìfófó ọ̀hún ò túmọ̀ sí adùn. Àmọ́ fún ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rọ ìlọ̀, abọ́ yẹn sàn ju kí kọfí máa tú dànù lọ. Tí ẹ̀rọ ìlọ̀ bá dé, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí abọ́ onípele kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí owó ò fi ní pọ̀ jù: ẹ̀rọ ìlọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Kò sí mọ́tò nínú ẹ̀, torí náà irin eléyín ni owó ẹ̀ lọ sí. Apá á ro èèyàn díẹ̀, pàápàá tó bá ń lọ̀ ọ́ fún àlejò mẹ́ta. Kéèyàn ṣáà béèrè kó tó rà á bóyá ó lè lọ kọfí kúnná dé ìwọ̀n espresso, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló lè ṣe é. Bí a bá sọ pé náírà mẹ́wàá ni gbogbo owó tó wà nílẹ̀, kí márùn-ún lọ sórí ohun tó máa lọ kọfí. Kò sí aburú níbẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọ̀ bá tilẹ̀ wọ́n ju ẹ̀rọ espresso fúnra ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná

Ẹ̀rọ espresso tó ń lo iná sábà máa ń fà tó 1,300 sí 1,500 wáàtì nígbà tó bá ń gbóná, bíi ti áyọ́ọ̀nù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ ò tó kílówáàtì kan ò lè gbé e. Ẹni tó ní ínfátà gbọ́dọ̀ mọ iye tí tiẹ̀ lè gbé kó tó ki ṣọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́.

Èyí tó ti dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rán láti Amẹ́ríkà. Iná fólítì 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240. Téèyàn bá kì í bọ iná tààrà, ó lè jó lójú ẹsẹ̀. Tiransífọ́mà tó ń dín iná kù wà, àmọ́ ó ní láti lágbára ju iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń fà lọ, ó sì máa ń wúwo, ó tún wọ́n. Ẹ̀rọ tó bá wá láti Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìṣòro yìí, nítorí iná wọn àti tiwa sún mọ́ra, ṣọ́ọ̀kì sì dọ́gba.

Ẹni tí iná ò dúró fún ládùúgbò ẹ̀ ò ní láti pa á tì. Ẹ̀rọ espresso tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ wà: omi gbígbóná láti inú kẹ́tù ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á wá fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Agbára rẹ̀ máa ń tó bar mẹ́sàn-án dáadáa. Moka náà tún wà, ìyẹn ìkòkò kékeré onípele tí Alfonso Bialetti gbé jáde ní Ítálì ní 1933, tí wọ́n ń gbé ka orí gáàsì. Ká sọ òótọ́, ti Moka kì í ṣe espresso, nítorí agbára rẹ̀ ò ju nǹkan bíi bar kan àtààbọ̀ lọ. Àmọ́ kọfí rẹ̀ le, ó sì dùn, àìmọye ilé ní Ítálì ló sì ń fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìlọ̀ tó dáa àti Moka lóṣù yìí, tó wá ń tu owó ẹ̀rọ jọ, kò ṣe àṣìṣe rárá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nídìí ẹ̀rọ

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ràntí rà: òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ta góòlù máa ń lò. Kò wọ́n. Láìsí i, èèyàn kàn ń méfò ni.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rọrùn láti rántí: kọfí kan, omi méjì. Bí kọfí lílọ̀ tó wà nínú abọ́ irin bá jẹ́ gíráàmù 18, kí èyí tó máa jáde sínú ife jẹ́ gíráàmù 36, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Kéèyàn jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀, kó ṣe nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 fún ẹ̀rọ tó wúwo, kí ọwọ́ irin tó ń mú abọ́ náà sì ti wà lára ẹ̀rọ kó lè bá a gbóná. Irin tútù á mú kí omi tútù, kọfí á sì kan láìjẹ́ pé ìlọ̀ ló ní ẹ̀bi.

Lẹ́yìn tí kọfí bá ti wọ inú abọ́, kó tú u ká dọ́gba, kó fọ́ ibi tó bá dì, kó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn kan máa ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán. Kò pọn dandan. Kó ṣáà tẹ́jú, kó má dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ọ̀rọ̀ àgbàrá ọjọ́sí náà ni.

Ife àkọ́kọ́ kò ní dáa. Kéèyàn ti gbà bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní gíráàmù 36 ti pé nígbà tí aago ṣì wà ní 12. Ó kan nìyẹn. Kéèyàn yí ẹ̀rọ ìlọ̀ kó túbọ̀ kúnná, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn: gíráàmù 18 náà ni, gíráàmù 36 náà ni. Ìkejì lè gba ìṣẹ́jú àáyá 45, kó sì korò. Kó yí i padà díẹ̀. Ìkẹta lè bọ́ sí 33, ìkẹrin sí 28. Kó tọ́ ọ wò. Bó bá ṣì kan díẹ̀ lẹ́nu, kó túbọ̀ kúnná díẹ̀. Bó bá korò, kó dín in kù. Ahọ́n ni adájọ́ níbẹ̀. Aago kàn ń tọ́ka síbi tó yẹ kéèyàn wò ni. Ẹni tó bá ń yí ìlọ̀, tó tún ń yí ìwọ̀n kọfí, tó tún ń yí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Èyí ń jẹ owó, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀rá kọfí gíráàmù 250 máa ń ṣe ife 13 bí gíráàmù 18 bá ń lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí márùn-ún bá lọ sí ìdánwò, mẹ́jọ ló kù fún mímu. Nígbà tí ọ̀rá mìíràn bá sì dé, èèyàn á tún ìlọ̀ wá ni, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ife méjì tàbí mẹ́ta lè tó.

Hóró wo ló yẹ kéèyàn rà?

Ọjọ́ tí wọ́n yan án ni kéèyàn kọ́kọ́ wò lára ọ̀rá. Bí kò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ ọjọ́ tó máa bàjẹ́ nìkan ni wọ́n kọ, kò sí bó ṣe lè mọ bó ti pẹ́ tó lórí àtẹ. Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan lánàá náà ò dáa fún espresso, nítorí afẹ́fẹ́ ṣì ń jáde lára ẹ̀, á sì da bí omi ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá rú. Kó sinmi bí ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà yẹn títí di nǹkan bí oṣù kan àtààbọ̀ ló máa ń dùn jù. Inú ohun tó ní ìdérí tó há ni kó wà, kó má sì sún mọ́ irú àti edé, torí kọfí máa ń gba òórùn.

Irú méjì ló gbajúmọ̀ lágbàáyé: arabica, tó lóòórùn dídùn tó sì máa ń kan díẹ̀, àti robusta, tó korò jù ú lọ, tí kaféènì inú ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú robusta, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì fúnra wọn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pò ó mọ́ arabica nínú espresso, nítorí òun ló ń mú kí ìfófó nípọn. Robusta náà ló sì pọ̀ jù nínú kọfí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà. Ó wà ní agbègbè Kàbà, láàárín àwọn Yorùbá Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Arabica ní tiẹ̀ ń ṣe dáadáa lórí òkè Mambilla ní Tàràbà, níbi tí òtútù wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà n'Íbàdàn, CRIN, tó ti wà láti 1964, ń ṣiṣẹ́ lórí kọfí pẹ̀lú kòkó, obì àti kajú. Ẹni tó bá rí hóró tí wọ́n gbìn nílé tí wọ́n sì yan án nílé kò ní ṣe àròyé pé ó ti pẹ́ lójú omi.

Kò sí òfin tó ní kéèyàn má fi ṣúgà sí espresso. Ní Cuba, wọ́n máa ń fi ìwọ̀nba kọfí tó kọ́kọ́ jáde lu ṣúgà títí á fi funfun tó sì nípọn, kí wọ́n tó da ìyókù lé e.

Ìmọ́tótó àti ìlera

Bí iṣẹ́ bá ti parí, kéèyàn da ìdọ̀tí kọfí nù, kó jẹ́ kí omi gbígbóná ṣàn díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, kó nu ojú ibi tí omi ti ń jáde. Òróró kọfí tó bá gbẹ síbẹ̀ á máa ba adùn jẹ́. Omi kànga àti ti bọ́ọ̀hóólù láwọn ibì kan máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sínú kẹ́tù. Ohun kan náà ló máa ṣe sínú ẹ̀rọ, níbi tójú ò tó o, títí yóò fi dí. Omi sísẹ́ tí kò ní ohun líle púpọ̀ nínú ló sàn jù.

Ife espresso onígíráàmù 18 lè ní ju mílígíráàmù 100 kaféènì lọ. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, sọ pé kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má kọjá 400 lóòjọ́, kí aláboyún má sì kọjá 200. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dán ẹ̀rọ tuntun wò kò gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ife ìdánwò mì. Kó tọ́ ọ wò, kó tu ú dànù. Kó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà láàárọ̀ Sátidé, kì í ṣe aago mẹ́jọ alẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n á fi kí àwọn tó ń lọ ṣe ìsìn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.